Ọmọkùnrin Tó Ń Dáhùn Ìṣirò Kí Olùkọ́ Tó Kọ Ọ́ Tán

Olùkọ́bìnrin kan tó ti Ìbàdàn lọ sí Baltimore, ní ìpínlẹ̀ Maryland, ló kọ̀wé sí mi. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì keje níbẹ̀, èyí tó bá JSS 1 tiwa dọ́gba. Ó ní: "Akátá ló pọ̀ jù nínú àwọn ọmọkùnrin kíláàsì mi. Orí wọn pé, mo rí i bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, bí mo bá sọ̀rọ̀ wọ́n á máa gbó mi lẹ́nu, ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí wọ́n má lé ẹnì kan nínú wọn lọ sílé. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, pé wọn ò fẹ́ràn ìwé. Ọ̀kan wà nínú wọn tí yóò ti dáhùn kí n tó kọ ìbéèrè tán sójú pátákó, ṣùgbọ́n òfìfo ni ìwé rẹ̀ máa ń wà. Kí ni kí n ṣe? Àbí kí n kúkú wá ilé-ìwé mìíràn?"

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà. Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn ní ilé-ìwé ìjọba ní Amẹ́ríkà, mo sì ti gbọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ẹ kọ yìí lẹ́nu àwọn olùkọ́ tó ti ilé wá. Ohun tó mú inú mi dùn nínú ìwé yín ni pé ẹ rí i pé orí àwọn ọmọ náà pé. Ẹ di ohun tí ẹ rí yẹn mú ṣinṣin, nítorí ojoojúmọ́ ni ẹlòmíràn yóò máa bá yín jà lórí rẹ̀. Ohun tí mo ní í sọ fún yín kò ju pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n kúrò nínú kíláàsì, kí ẹ má sì ṣe sọ iṣẹ́ di fúfúyẹ́ fún wọn. Bí ẹ ó ṣe ṣe é ló gùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bá mi gbé ọ̀rọ̀ "akátá" tí ẹ fi pe àwọn aláwọ̀dúdú ọmọ Amẹ́ríkà yẹn jù sílẹ̀. Mo mọ̀ pé a máa ń gbọ́ ọ láàrin ara wa, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní òde àríyá, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní nǹkan búburú lọ́kàn tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Àwọn ọmọ yín mọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n jọ wà nílé-ìwé ti sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún wọn tipẹ́. Ọmọ tó bá mọ orúkọ tí olùkọ́ ń pe òun lẹ́yìn, kò sí ẹ̀kọ́ tí yóò gbà lọ́wọ́ olùkọ́ náà. Èrò kan sì wà tó máa ń bá ọ̀rọ̀ yẹn wọlé, pé àwa tí a ti ilé wá la mọ iyì ìwé, àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Irọ́ pátápátá ni, ìlú tí ẹ wà yẹn gan-an sì lè jẹ́rìí.

Baltimore ni Frederick Douglass, ẹni tó padà di gbajúmọ̀ ajìjàgbara lòdì sí òwò ẹrú, ti kọ́ ìwé kíkà nígbà tó wà lọ́mọdé, tó sì wà lẹ́rú. Ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní á-bí-dí kí ọkọ tó dá a dúró, tó ní ẹrú tó bá ti mọ̀wé kò wúlò fún ọ̀gá rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, Douglass a máa kó búrẹ́dì sápò bó bá ń jáde nílé, òun ló ń fún àwọn ọmọ òyìnbó tálákà tó bá pàdé lójú títì, kí wọ́n lè kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. Ní South Carolina, láti ọdún 1740 ni òfin ti ń fi owó ìtanràn lélẹ̀ fún ẹni tó bá kọ́ ẹrú ní ìwé kíkọ. Nígbà tí oko ẹrú sì tán, láàrin ọdún 1912 sí 1932, Julius Rosenwald, oníṣòwò ọlọ́rọ̀ kan, àti Booker T. Washington, gbajúmọ̀ olùkọ́ aláwọ̀dúdú, dá ètò kan sílẹ̀: bí àwọn aláwọ̀dúdú abúlé kan ní gúúsù bá kó owó tiwọn jọ, Rosenwald yóò fi tirẹ̀ kún un, kí wọ́n lè kọ́ ilé-ìwé. Àwọn àgbẹ̀ olówùú dá owó, wọ́n yọ̀ǹda ilẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kan pákó. Ilé-ìwé tí wọ́n kọ́ bẹ́ẹ̀ sún mọ́ 5,000. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ló wà níwájú yín yẹn.

Lẹ́yìn èyí ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tí àwa àlejò kì í sábà gbọ́. Ní 1954, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé kí wọ́n má ṣe ya ilé-ìwé àwọn ọmọ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn ọmọ funfun mọ́. Ìdájọ́ òdodo ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá ń da ilé-ìwé pọ̀, ti àwọn aláwọ̀dúdú ni wọ́n ń tì pa, àwọn olùkọ́ àti ọ̀gá ilé-ìwé tó jẹ́ aláwọ̀dúdú ni iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Iye tí wọ́n sábà máa ń dá fún àwọn olùkọ́ wọ̀nyẹn jẹ́ nǹkan bí 38,000, ní ìpínlẹ̀ 17. Ihò tó dá sílẹ̀ kò tíì dí títí di òní. Nínú 100 olùkọ́ ilé-ìwé ìjọba Amẹ́ríkà, ọkùnrin aláwọ̀dúdú kò pé 2. Ọmọkùnrin kan lè bẹ̀rẹ̀ ní jéléósinmi kó sì jáde ní girama láìrí ẹyọ kan nínú wọn níwájú pátákó. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé kan yẹ àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ North Carolina wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n rí i pé láàrin àwọn ọmọkùnrin dúdú tí òṣì bá fínra jù, bí ọmọ bá ní olùkọ́ aláwọ̀dúdú kan ṣoṣo péré láàrin kíláàsì kẹta sí ìkarùn-ún, ewu pé yóò fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní girama ń fi ìdá 39 nínú 100 lọ sílẹ̀. Ẹ̀yin náà lè jẹ́ ẹni kan ṣoṣo yẹn. Àmọ́ àwọ̀ nìkan kò tó o. Bí ẹ bá dúró síwájú wọn bí àjèjì tó sàn jù wọ́n lọ, wọn yóò rí i lójú yín ní ọjọ́ kìíní.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ìṣirò, nítorí iṣẹ́ yín nìyẹn, ibẹ̀ ni agbára yín sì wà.

Ní àárín àwọn ọdún 1970, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Uri Treisman, ń ṣe olùrànlọ́wọ́ fún àwọn tó ń kọ́ni ní calculus, ẹ̀ka ìṣirò gíga kan, ní Yunifásítì California ní Berkeley. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀dúdú, tó jẹ́ pé àwọn ló ń mókè nílé-ìwé tí wọ́n ti wá, ń fìdí rẹmi nínú calculus. Ó bi àwọn olùkọ́ yunifásítì ohun tó fà á. Ìdáhùn wọn kò yàtọ̀ sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ yín: wọn ò ní ìtara, ìpìlẹ̀ wọn kò dára, òbí wọn kò ka ìwé sí, ìyà ló ń jẹ wọ́n. Treisman kò gbà bẹ́ẹ̀ lásán. Ó mú akẹ́kọ̀ọ́ dúdú 20 àti ọmọ Ṣáínà 20, ó tẹ̀lé wọn dé yàrá tí wọ́n ń sùn, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń kàwé, fún ju ọdún kan lọ.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn àlàyé yẹn tó dúró. Àwọn ọmọ dúdú náà ń ṣiṣẹ́ kára. Bí olùkọ́ bá ní kí wọ́n fi wákàtí mẹ́jọ kàwé lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n ń lò. Àwọn òbí wọn ti fi gbogbo ayé wọn sin ìwé àwọn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù ń dá ìwé kà ni. Yóò ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, yóò kàwé, yóò sì jáde lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣeré níbi tí wọn kì í ti í dárúkọ calculus. Àwọn ọmọ Ṣáínà ń dá kàwé tiwọn náà, àmọ́ bó bá di alẹ́ wọ́n á kóra jọ. Wọ́n á gbé oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n á fi ìdáhùn wé ìdáhùn, wọ́n á máa jiyàn. Bí ìbéèrè kan bá ta kókó fún gbogbo wọn, wọ́n mọ̀ pé ìbéèrè náà ló le. Ọmọ tó dá jókòó sí yàrá rẹ̀ kò lè mọ ìyẹn. Bí tirẹ̀ kò bá ti jáde, òun ni olódo lójú ara rẹ̀, pàápàá ọmọ tó ti ń gbọ́ láti kékeré pé irú wọn kò mọ ìṣirò.

Ohun tí Treisman ṣe kò jọ èyí tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé máa ń ṣe. Kò kó wọn sínú kíláàsì àtúnkọ́ tó rọrùn. Ó pè wọ́n sí ìpàdé tí ìbéèrè ibẹ̀ le ju ti kíláàsì lọ, ó ní kí wọ́n jọ yanjú rẹ̀. Àwọn tó ń wá síbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dáadáa nínú calculus ju àwọn aláwọ̀dúdú ẹlẹgbẹ́ wọn tí kò wá lọ, kì í sì í ṣe díẹ̀.

Ẹ kò ní láti lọ sí California kí ẹ tó rí èso irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Létí Baltimore níbẹ̀ ni yunifásítì tí wọ́n ń pè ní UMBC wà. Ní 1988, Freeman Hrabowski dá ètò Meyerhoff sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú owó Robert àti Jane Meyerhoff. Ọkùnrin aláwọ̀dúdú 19 ni wọ́n kọ́kọ́ gbà ní 1989, àwọn tó fẹ́ di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Wọ́n kó wọn wá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kí ilé-ìwé tó wọlé, wọ́n sọ ọ́ di òfin pé wọ́n gbọ́dọ̀ jọ máa kàwé, wọ́n sì ń retí pé kí wọ́n lé dókítà nínú ìmọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún obìnrin, lẹ́yìn náà fún ẹ̀yà gbogbo. Àwọn dókítà àti olùwádìí tó ti ibẹ̀ jáde lónìí kò níye. Hrabowski fúnra rẹ̀, ọmọ Birmingham ni. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí wọ́n tì í mọ́lé ní 1963 nítorí pé ó bá àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ́de fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀dúdú. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè kó àwọn ọmọ yín lọ wo ọgbà yẹn. Kí wọ́n fojú ara wọn rí ọkùnrin tó jọ wọ́n nínú ẹ̀wù ilé ìwádìí.

Nínú kíláàsì yín, ẹ pín wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin. Dípò ogún ìbéèrè tí gbogbo rẹ̀ jọra, ẹ gbé ẹyọ kan tó ń jà fún wọn. Ẹ wo irú èyí: ṣọ́ọ̀bù kan yọ 20 nínú 100 kúrò lára owó bàtà, ó tún yọ 10 nínú 100 kúrò lára èyí tó kù. Ẹnì kan ní àpapọ̀ ohun tó yọ jẹ́ 30 nínú 100. Ṣé òótọ́ ni? Ìwé kan ṣoṣo ni kí ẹ fún wọn láti kọ ọ́ sí. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jiyàn, kí ariwo sọ. Ẹ ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé bí àkókò bá pé, ẹ̀yin ni ẹ ó mú ẹni tó máa ṣàlàyé, ẹnikẹ́ni ló sì lè jẹ́. Èyí tó mọ̀ ọ́n yóò máa kọ́ èyí tí kò mọ̀ ọ́n, nítorí kò mọ ẹni tí ẹ máa pè. Nígbà tí wọ́n bá rí i pé 28 ni, kì í ṣe 30, tí ẹnì kan sì lè sọ ìdí rẹ̀, ìyẹn ju ogún ìdáhùn tí wọ́n dà kọ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọmọ tó ń dáhùn kí ẹ tó kọ tán. Mo fẹ́ kí ẹ dán nǹkan kan wò lọ́la. Ẹ kọ ìbéèrè sójú pátákó láì la ẹnu, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohùn yín ló fi ń ṣiṣẹ́, kó máà rí pátákó náà rárá. Mo ti rí irú wọn: ọmọ tí etí rẹ̀ yá, tí ìwé rẹ̀ ṣófo, tí wọ́n sì ti kọ ọ̀lẹ sí i lórúkọ, kó tó di pé ẹnì kan yẹ ojú rẹ̀ wò. Ní Baltimore, láti 2016 ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní Vision for Baltimore ti ń yẹ ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò nínú ọgbà ilé-ìwé, tí wọ́n ń fún wọn ní awò ojú lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Johns Hopkins yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé máàkì àwọn ọmọ tó gba awò gòkè. Ẹ bá nọ́ọ̀sì ilé-ìwé yín sọ ọ́.

Bí ojú rẹ̀ bá mọ́lẹ̀, a jẹ́ pé kò rí ìdí tó fi yẹ kí òun kọ ohun tí òun ti mọ̀ sílẹ̀ ni. Ẹ má bá a jà lórí ìwé òfìfo. Ẹ fún un ní iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ṣe, tí àṣìṣe wà nínú rẹ̀, kí ẹ ní kó wá ibi tí onítọ̀hún ti ṣìnà kó sì kọ lẹ́tà sí i. Yóò kọ̀wé. Ẹ sì wò ó dáadáa pé orúkọ rẹ̀ wà nínú àwọn tí yóò ṣe algebra ní kíláàsì kẹjọ. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ṣe algebra ní kíláàsì kẹjọ ló máa ń rọrùn fún láti dé calculus kó tó jáde ní girama. Bob Moses, ẹni tó fi ẹ̀mí wéwu ní Mississippi kí àwọn aláwọ̀dúdú lè dìbò, padà wá dá Algebra Project sílẹ̀ ní 1982, nítorí ó gbà pé algebra fún ọmọ tálákà jẹ́ ẹ̀tọ́ bí ìbò ṣe jẹ́ ẹ̀tọ́. Ẹ má sì dúró de ìgbà tí ẹlòmíràn yóò dárúkọ ọmọ náà. Ní àgbègbè ńlá kan ní Florida, òbí àti olùkọ́ ló ń dábàá ọmọ fún ètò àwọn ọlọ́pọlọ pípé tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n yí i padà, tí wọ́n dán gbogbo ọmọ kíláàsì kejì wò láìyọ ẹnì kan sílẹ̀, àwọn ọmọ dúdú àti ọmọ tálákà tó wọlé pọ̀ sí i lọ́nà tó hàn gbangba. Ọpọlọ wọn ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí. Ẹni tó máa dárúkọ wọn ni kò sí.

Ọ̀rọ̀ lílé lọ sílé wá ńkọ́? Àkọsílẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ti ọdún ẹ̀kọ́ 2015 sí 2016 fi hàn pé ọmọkùnrin dúdú jẹ́ 8 nínú 100 akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé ìjọba, àmọ́ nínú 100 tí wọ́n lé lọ sílé fún ọjọ́ díẹ̀, 25 ni wọ́n. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé àwọn ló ń dá ìjàngbọ̀n sílẹ̀ jù, ẹ sọ fún un nípa iṣẹ́ Walter Gilliam ní Yunifásítì Yale ní 2016. Ó fi fídíò ọmọ mẹ́rin han àwọn olùkọ́ jéléósinmi, ọkùnrin dúdú kan, obìnrin dúdú kan, ọkùnrin funfun kan, obìnrin funfun kan. Ó ní kí wọ́n máa ṣọ́ ìwàkiwà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìwàkiwà kankan nínú fídíò náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń tọpa ẹyinjú fi hàn pé ara ọmọkùnrin dúdú ni ojú àwọn olùkọ́ náà ń wà jù, ti àwọn olùkọ́ aláwọ̀dúdú pàápàá. Ẹni tí a bá ń ṣọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, a ó rí nǹkan kà sí i lọ́rùn.

Àwa Yorùbá tún ní tiwa lórí èyí. Nílé wa, ọmọ tí àgbà ń bá wí yóò dákẹ́, yóò sì wo ilẹ̀. Bó bá la ẹnu, àfojúdi ni. Ọmọ Baltimore tó ń sọ fún yín pé "èmi kọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀" ń wí àwíjàre lójú tirẹ̀, kò rí i bí ẹni tó ń bú yín. Òmíràn á máa dá sí ọ̀rọ̀ yín bí ẹ ṣe ń kọ́ wọn, bí ìjọ ṣe ń dá pásítọ̀ lóhùn ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó túmọ̀ sí pé ó ń gbọ́ yín. Kì í ṣe pé kí ẹ gba ìwọ̀sí o. Bí ọmọ bá kọjá àyè rẹ̀, ẹ má jágbe mọ́ ọn láti iwájú, nítorí níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní lè gbà fún yín kó má di ẹni ìtìjú. Ẹ rìn lọ bá a, ẹ tẹ̀ ba, ẹ fi ohùn kékeré sọ ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀ kó lè ráyè ṣe é. Ẹ bá a sọ èyí tó kù lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti lọ. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Òwe yìí wúlò níbẹ̀ bó ṣe wúlò ní Ìbàdàn, kìkì pé ọwọ́ ọ̀tún ibẹ̀ kò gbọdọ̀ mú pàṣán.

Ní Chicago, ètò kan wà fún àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Becoming a Man. Eré tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n á mú ọmọ méjì, wọ́n á fún ọ̀kan ní bọ́ọ̀lù kékeré kó fi ọwọ́ dì í mọ́ra, wọ́n á ní kí èkejì gbà á láàrin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Ìjà ló máa ń dà, wọ́n á máa fa ara wọn láṣọ. Nígbà tí àkókò bá pé, olùdarí á béèrè pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò tọrọ bọ́ọ̀lù náà. Wọ́n á ní kò lè fún wọn. Olùdarí á wá bi ẹni tó ní bọ́ọ̀lù, ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò dáhùn pé òun ì bá fún un, bọ́ọ̀lù lásán ni. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Chicago fi ìdánwò tó péye wo ètò yìí, wọ́n rí i pé mímú tí ọlọ́pàá ń mú àwọn ọmọ náà fún ìwà ipá lọ sílẹ̀ tó bí ìdajì ní àkókò tí ètò náà ń lọ. Àwa olùkọ́ náà lè ti inú eré yẹn kọ́ bí a ṣe ń béèrè kí a tó já gbà. Jason Okonofua àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbìyànjú ohun tó jọ ọ́ lára àwọn olùkọ́ ní ilé-ìwé 5 ní California. Wọ́n ní kí wọ́n ka ìtàn díẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì kọ bí àwọn ṣe máa ń gbọ́ tẹnu ọmọ kí wọ́n tó fìyà jẹ ẹ́. Iye ọmọ tí wọ́n ń lé lọ sílé wá sílẹ̀ dé ìdajì.

Bó bá sì jẹ́ pé ìyà gbọ́dọ̀ wà, kí ìyà náà mú ìwé lọ́wọ́. Thurgood Marshall, ọmọ Baltimore, jẹ́ oníjàngbọ̀n gidi lọ́mọdé. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé bí òun bá ti dẹ́ṣẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé á rán òun lọ sí yàrá abẹ́ ilé pẹ̀lú ìwé òfin Amẹ́ríkà, pé òun kò ní gòkè wá àyàfi tí òun bá há apá kan sórí. Kó tó jáde nílé-ìwé náà, gbogbo rẹ̀ ti wà lórí rẹ̀. Òun ni agbẹjọ́rò tó ṣíwájú ẹjọ́ 1954 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, òun sì ni aláwọ̀dúdú àkọ́kọ́ tó di adájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, ní 1967. Ká ní wọ́n ń lé e lọ sílé ni ńkọ́?

Ẹ tún mọ òfin. Láti 1975 ni ilé-ẹjọ́ yẹn ti sọ pé, kódà kó jẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fẹ́ lé ọmọ lọ sílé, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún un kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ̀.

Nípa iṣẹ́ àṣetiléwá, ohun tí ẹ bá fi gègé kọ sára ìwé wọn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àwọn olùwádìí kan gbìyànjú rẹ̀ lára àwọn ọmọ kíláàsì keje, wọ́n sì gbé e jáde ní 2014. Olùkọ́ ti tún àròkọ wọn ṣe, àtúnṣe náà pọ̀. Wọ́n fi bébà kékeré mọ́ ọn. Sára ti àwọn kan, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kí wọ́n lè rí èsì ni olùkọ́ ṣe kọ nǹkan wọ̀nyí. Sára ti àwọn yòókù, ó wà níbẹ̀ pé olùkọ́ kọ wọ́n nítorí pé ohun tó ń retí lọ́wọ́ wọn ga, ó sì mọ̀ pé wọ́n lè dé ibẹ̀. Nínú àwọn ọmọ dúdú tó gba bébà àkọ́kọ́, 17 nínú 100 ló tún iṣẹ́ náà ṣe. Nínú àwọn tó gba èkejì, wọ́n lé ní 70. Àwọn ọmọ inú ìwádìí náà kò pọ̀, nítorí náà ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu. Ṣùgbọ́n ẹ wo bébà náà dáadáa: kò fi irọ́ yìn wọ́n, kò sì dín àtúnṣe kù. "O káre" tí a kọ sára iṣẹ́ tí kò dára, ọmọ máa ń mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ ti sọ ìrètí nù lórí òun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún iṣẹ́ ṣe kí máàkì sì yí padà. Kí èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sì di ṣíṣe kí wọ́n tó kúrò ní ọgbà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń tọ́jú àbúrò títí ìyá wọn á fi ti ibi iṣẹ́ dé.

Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ ní gírámà tirẹ̀, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tó bàjẹ́. Ó ń ya ohun tí ènìyàn máa ń ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, bí èdè tiwa ṣe ń yà á. Ní 1979, adájọ́ kan ní Michigan pàṣẹ fún àwọn ilé-ìwé Ann Arbor pé kí àwọn olùkọ́ mọ èdè ilé àwọn ọmọ náà, kí wọ́n sì kà á kún nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ wọn ní kíkà. Nínú kíláàsì ìṣirò, ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣàlàyé bó ṣe ń sọ̀rọ̀, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ ìṣirò kún un.

Ẹ pe ilé. Kí ìpè àkọ́kọ́ má jẹ́ ẹ̀sùn. Ẹ pe ìyá ọmọ tó rí 28 yẹn, ẹ sọ fún un ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe, kí ẹ sì gbé fóònù sílẹ̀. Nígbà tó bá di ọjọ́ tí ìṣòro dé, ẹni tó mọ ohùn yín ni ẹ ń pè. Ẹ béèrè bàbá pẹ̀lú. CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìlera àti ìdènà àrùn, gbé ìwádìí kan jáde ní 2013 tó fi hàn pé àwọn bàbá aláwọ̀dúdú tó ń gbé pẹ̀lú ọmọ wọn ń wẹ̀ wọ́n, wọ́n ń bọ́ wọn, wọ́n ń bá wọn ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé tó ti bàbá ẹ̀yà mìíràn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ ìyá àgbà ló ń tọ́ ọmọ náà, ẹ kí i bí ẹ ṣe ń kí ìyá tiyín.

Ẹ má sì dá a gbé. Kóòṣì, olùtọ́jú ọgbà, pásítọ̀ àdúgbò, ẹ wá ọkùnrin tí àwọn ọmọ náà bọ̀wọ̀ fún kàn. Ní Oakland, California, àwọn aláṣẹ ilé-ìwé dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní 2010 fún àwọn ọmọkùnrin aláwọ̀dúdú nìkan. Wọ́n fi kíláàsì kan sínú àkókò ẹ̀kọ́ gan-an, ọkùnrin dúdú ló ń kọ́ wọn níbẹ̀, ìtàn ìran wọn àti bí a ṣe ń kàwé. Thomas Dee ti Yunifásítì Stanford àti Emily Penner wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé iye ọmọkùnrin dúdú tó ń fi girama sílẹ̀ fi nǹkan bí 43 nínú 100 dín kù ní àwọn ilé-ìwé tí ètò náà dé. Inú àkókò ẹ̀kọ́ ni kíláàsì náà wà, fún gbogbo irú ọmọ, kì í ṣe àwọn aláìgbọràn nìkan. Bí pírínsípà yín bá fẹ́ dá ẹgbẹ́ ọmọkùnrin sílẹ̀, ẹ sọ èyí fún un kó tó sọ ọ́ di àgọ́ àwọn tí wọ́n ń fìyà jẹ.

Ìbéèrè yín tó kẹ́yìn ni bóyá kí ẹ wá ilé-ìwé mìíràn. Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọ̀nyí ti rí olùkọ́ tó pọ̀ tó lọ láàrin ọdún; àwọn kan nínú wọn ń dán yín wò láti mọ bóyá ẹ̀yin náà máa lọ ni. Ohun tí èmi yóò ṣe bí mo bá jẹ́ yín ni pé màá lọ bá pírínsípà, màá ní kó jẹ́ kí n tẹ̀lé wọn lọ sí kíláàsì kẹjọ. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lórí àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ North Carolina fi hàn pé ọmọ tó bá ní olùkọ́ kan náà fún ọdún méjì ń jèrè rẹ̀, àwọn tí kì í ṣe funfun ló sì ń jèrè jù. Kò ní ná ilé-ìwé ní kọ́bọ̀. Ìgbà ìrúwé ni wọ́n sábà máa ń pín iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀, nítorí náà ẹ lọ bá a kí oṣù kẹta tó wọlé, kí ẹ sì mú orúkọ àwọn tí ẹ fẹ́ kó wọ algebra dání.